Èjìká Òkè Ushafa: Ìrìn Ọjọ́ Kan Láàárín Àfonífojì àti Omi

Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ fún àwọn ẹbí mi ní Èkó pé òkè ni a tún lọ gùn ní Sátidé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: kí ni ẹ̀ ń wá lórí òkè nígbà tí kò sí òkun tí ẹ óò máa wò níbẹ̀? N kì í bá wọn jiyàn. Òkè etí òkun ni púpọ̀ nínú àwọn òkè tí wọ́n ń rí lórí fóònù wọn. Ẹ wo Table Mountain ní Cape Town, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,086, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sì gba inú àfonífojì òkúta tí wọ́n ń pè ní Platteklip Gorge gòkè, débi pé bí ènìyàn bá bojú wẹ̀yìn, ìlú ni yóò rí, tí omi òkun yóò sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn ìlú. Ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Badagry títí dé Calabar, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni etí òkun wa: iyanrìn, ọ̀sà àti irà. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkè ńlá tó dúró ti òkun ní agbègbè wa yóò ré kọjá ẹnubodè lọ sí Kamẹrúùnù, níbi tí Mount Cameroon, tí ó ga ju mítà 4,000 lọ, ti wà nítòsí etí omi.

Síbẹ̀, bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, ohun mẹ́ta ló ń mú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dùn ún rìn: òkè tí a lè gùn kí a sì sọ̀ láàárín ọjọ́ kan, àfonífojì tó jìn tí a óò máa yọjú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti omi tó fẹ̀ débi tí ojú yóò fi sinmi lórí rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní Ushafa, lágbègbè Bwari, nínú Abuja wa níhìn-ín. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ń sáré kọjá ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, nítorí pé ṣóńṣó òkè ni wọ́n ti pinnu láti ya fọ́tò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Omi tí mò ń wí ni adágún Lower Usuma Dam. Ọdún 1984 ni wọ́n parí rẹ̀, ṣáájú kí ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Wọ́n ṣe é kí ó lè gba nǹkan bí 100 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà omi, ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sẹ́ omi náà, tí wọ́n ń fi oògùn sí i, tí wọ́n sì ń tì í wọ inú ìlú. Nígbà tí Abuja ń gbòòrò, tí omi odò Usuma nìkan kò tó mọ́, wọ́n ri páìpù tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 75 láti adágún Gurara ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, kí omi ibẹ̀ lè máa ya wọ inú ti Ushafa. Òkun Cape Town lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi tẹ ẹ̀bà. Èyí tí mò ń wò ní Ushafa ni mo fi wẹ̀ kí n tó jáde láàárọ̀, bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ rántí wa ní Kubwa. Bí a bá sì fẹ́ tọ ọ̀rọ̀ òkun délé, odò Usuma ń ṣàn lọ bá odò Gurara, Gurara ń ṣàn lọ bá Odò Ọya, Odò Ọya sì ń gba Lokoja kọjá lọ sínú òkun. Ọ̀nà ló kàn jìn.

Oṣù tí ènìyàn bá yàn ṣe pàtàkì ju òkè tí ó yàn lọ, ibẹ̀ sì ni mo rí i pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í fara balẹ̀ sí. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Òwúrọ̀ ìgbà náà tutù, ara sì máa ń yá gágá, ṣùgbọ́n bí a bá dé òkè, funfun ni gbogbo ojú ọ̀run, adágún tó wà nísàlẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé wọ́n kó o lọ. Nígbà tó bá di oṣù Kẹta àti ìkẹrin, wọ́n ti sun pápá, eérú dúdú ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ooru sì ti dé. Abuja wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà nínú oṣù Kẹrin àti lápá ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí ènìyàn gan-an, òjìji ara ẹni yóò kó jọ sábẹ́ bàtà, àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni kò sì ní ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Kí á má tilẹ̀ sọ ti òjò oṣù Karùn-ún, tí í máa bá ìjì àti mànàmáná rìn. Orí àpáta gbalasa kì í ṣe ibi tí à á ti dúró de mànàmáná. Bí a bá gbọ́ àrá, bó tilẹ̀ jẹ́ lókèèrè, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ gbélẹ̀ lókè mọ́.

Àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò ì tíì dé, òjò ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, adágún kún dé etí, àwọn odò kéékèèké tó ń gba inú àfonífojì sì ń ṣàn síbẹ̀. Ohun tí a fi ń san gbèsè rẹ̀ ni pé koríko ìgbà náà ga ju ènìyàn lọ ní ibòmíràn. Ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni a fi ń la irú rẹ̀ kọjá, a ó sì máa fi ọ̀pá lu ilẹ̀ níwájú, kí ejò tó bá wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé àlejò ń bọ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń lọ. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Kubwa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìlá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà. Òun ni olórí wa. Aago mẹ́fà kò gbọdọ̀ bá wa nílé. A ó gba títì márosẹ̀ dé oríta Dutse-Alhaji, a ó mu kókó gbígbóná, ìyẹn ògì àwọn Hausa, pẹ̀lú kósáì, tí í ṣe àkàrà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a ó wá yà sí ọ̀nà Bwari. Kókó náà ní atalẹ̀ àti ata nínú, ó sì ń lani lójú ju tíì lọ. Bàbá kì í jẹ́ kí á jẹ ìrẹsì tàbí iyán ní òwúrọ̀ òkè. Ó ní ikùn tó kún kì í gun ohunkóhun.

Ìlú àwọn ẹ̀yà Gbagyi ni Ushafa, ó sì ti gba àlejò tó tóbi ju àwa lọ: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Bill Clinton, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá kí wọn nílé. A kì í ti ojú títì wọ inú igbó tààrà. Ilé mai unguwa, tí í ṣe baálẹ̀ àdúgbò, ni Bàbá kọ́kọ́ ń yà sí, yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, yóò fi Hausa kí wọn kíní-kejì, wọn yóò sì fún wa ní ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà. Ọmọ náà máa ń pe Bàbá ní “Baba,” ó sì máa ń gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọ rere, bí Bàbá ti ń kọ̀ tó. Owó tí a ń fún un kì í ṣe nǹkan tí à ń ná bí ẹni ń ná ata lọ́jà. Ṣáájú ìrìn ni a ti ń sọ ọ́, a sì ń fi ọ̀wọ̀ san án.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi pamọ́ nínú irú àkọsílẹ̀ yìí. Àwọn òkè tó yí Abuja ká kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wa la sì ń gbọ́ ìròyìn. A kì í dá lọ, a kì í lọ ní méjì-méjì, a máa ń fi orúkọ ibi tí a ń lọ àti àkókò tí a máa sọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ilé, a sì máa ń padà sílé kíá bí àwọn ará Ushafa bá ní ọjọ́ náà kò dára. Bàbá Tíṣà kì í béèrè àlàyé lọ́wọ́ wọn. “Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀,” ni ó máa ń wí, yóò sì yí mọ́tò padà. Bákan náà, ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe omi jẹ́ ti ìjọba, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kò gba ìyọ̀ǹda wọlé. Òkè tó wà lẹ́yìn odi rẹ̀ ni tiwa.

Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, inú oko ni. Ọkà bàbà ló wà lápá kan, iṣu lápá kejì, pẹ̀lú igi òrí àti igi irú tí àwọn àgbẹ̀ fi sílẹ̀ láàárín ebè nítorí pé wọ́n ń jẹ lára wọn. Ibẹ̀ ni a ti máa ń pàdé àwọn obìnrin Gbagyi tó ń ti orí òkè bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná. Wọn kì í ru ẹrù lé orí bí ti àwọn obìnrin wa. Èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, nítorí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún orí, ọwọ́ kan yóò sì dì í mú. Bàbá máa ń dá wa dúró kí á wo ẹsẹ̀ wọn. Ìgbésẹ̀ kúkúrú ni, tí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ń kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí fífò láti orí òkúta kan bọ́ sí òmíràn. Sílípáàsì ni ó wà lẹ́sẹ̀ wọn, síbẹ̀ wọn kì í yọ̀, èémí wọn kì í sì í ròkè. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà pẹ̀lú wa, tí wọ́n wọ kánfáàsì olówó ńlá, ni í máa dúró mí hẹlẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé alájà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, àwọn obìnrin wọ̀nyí sì mọ̀ ọ́n ju ìgbín lọ.

Lẹ́yìn oko ni òkúta bẹ̀rẹ̀. Gíránáìtì ni, tí ó dì nínú ilẹ̀ jíjìn ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ sì ti bá òjò àti atẹ́gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀, òkúta náà wú, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí àwọn òkè Abuja fi rí roboto, láti Aso Rock títí dé Zuma tó wà lẹ́yìn owó 100 náírà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ẹni tó bá ń rìn lórí rẹ̀ nílò láti mọ èyí, nítorí pé àwọn pẹpẹ òkúta kan wà tí wọ́n ti là kúrò lára ìyá wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ṣubú. Bí a bá fi ìkúùkù kan wọ́n, wọ́n máa ń dún bí ohun tó ṣófo nínú. A kì í fi gbogbo ara tẹ irú wọn létí.

Ohun kejì tí ojú ń wá lórí àpáta ni àwọ̀. Àpáta gbígbẹ, tó ní hóró-hóró bí iyọ̀, ń di bàtà mú gírígírí, débi pé ènìyàn lè rìn lórí ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ gan-an láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà dúdú gbọọrọ wà tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ lójú àpáta náà. Ọ̀nà omi òjò ni, àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ ló sì ń gbé inú wọn, tí wọ́n sọ wọ́n di dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Bí omi bá kàn wọ́n, bí ọbẹ̀ ilá ni wọ́n máa ń yọ̀. Mo ti rí alángbá olórí pupa kan tó ń sáré kọjá ojú àpáta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò: nígbà tí ó dé etí ìlà dúdú tó ṣì tutù, ó dúró, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba òkè yí i ká. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ti gòkè tó wákàtí kan, ilẹ̀ yóò ṣí lápá ọ̀tún, a ó sì dé etí àfonífojì. Odò kékeré kan ló gbẹ́ ẹ. Omi kì í lè gbẹ́ gíránáìtì tó pé. Ibi tí òkúta ti sán ni ó ń wá, yóò máa ha á, yóò máa kó iyanrìn inú rẹ̀ lọ, títí tí ojú sísán náà yóò fi di ọ̀nà tóóró, tí ọ̀nà tóóró yóò sì di kòtò tó jìn. Ọ̀nà wa sọ̀ wọ inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún gòkè, ibẹ̀ sì ni ara ti máa ń tu gbogbo wa. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tutù, ògiri òkúta dúró ní ìhà méjèèjì, fóònù kì í sì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Igi ọ̀dán kan hù láti inú pàlàpálá àpáta lókè orí wa. Gbòǹgbò rẹ̀ kò rí ilẹ̀ wọ̀, nítorí náà ó bọ́ sójú òkúta, ó pín sí mẹ́rin, ó sì ń wá ìsán kọ̀ọ̀kan kiri títí ó fi dé ibi tí omi wà nísàlẹ̀, ìrìn tó gùn ju gígùn igi náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní ojú ibi tí gbòǹgbò náà ti fún ara rẹ̀ wọ inú òkúta, ó pẹlẹbẹ bí bẹ́líìtì. Mo fọwọ́ kàn án. Ó le ju bí mo ti rò lọ.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kí n máa dúró dè yín o,” ni Bàbá Tíṣà máa ń ké láti iwájú bí a bá pẹ́ jù níbẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ti ń bọ̀ lẹ́yìn yín,” ni a ó dá a lóhùn, láìtíì dìde.

Èjìká òkè ni ọ̀nà náà já sí. Èjìká ni mò ń pè é nítorí pé òkè náà rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ́ bí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí, kí ó tó tún nà sókè lọ sí orí. Láti ibẹ̀, adágún wà níwájú gbalaja, pẹ̀lú àwọn erékùṣù kéékèèké tó jẹ́ orí òkè nígbà kan rí kí omi tó gba àárín wọn. Àfonífojì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, a sì ń rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, títí kan ibi tí odò rẹ̀ ti já sí pápá nísàlẹ̀. Òrùlé páànù Ushafa ń tàn lápá òsì. Lékelèke a máa gba orí omi kọjá ní ìlà kan, nísàlẹ̀ ibi tí a jókòó sí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu ní gbogbo ìgbà láti máa wo ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń fò. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, àfi ẹni tí bàtà ń ta.

Ìdí tí mo fi ń jà fún èjìká yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìrísí òkè náà ló fà á. Ohun tó rí roboto, bí ènìyàn bá dúró sí àárín orí rẹ̀, etí rẹ̀ yóò yí bọ́ sísàlẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ kí ojú náà tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹni tó wà ní ṣóńṣó Ushafa kò lè rí àfonífojì mọ́. Àpáta tó tẹ̀ kọ́lọ́ níwájú rẹ̀ ti bò ó. Adágún tí ó ń rí kò ju ìdajì ẹ̀yìn lọ, èyí tó jìnnà, tí ojú ọ̀run sì máa ń mú kí ó funfun. Ohun tó wá kù fún un ni atẹ́gùn, oòrùn, àti àwọn ilé ìlú lókèèrè. Bí ó bá sì fẹ́ rí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa fà súnmọ́ etí tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀yìn sí ọ̀gbun. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó gba orúkọ kankan lẹ́nu mi ju ìwà òmùgọ̀ lọ, Bàbá Tíṣà kì í sì í fi àyè gbà á.

A máa ń gun ṣóńṣó náà bí ara bá yá, n kò ní purọ́. Ogún ìṣẹ́jú péré ni láti èjìká, àpáta gbalasa ni, kò sì sí igi. Àwọn tó bá rò pé òtútù yóò mú wọn lókè máa ń gbé súwẹ́tà dání lásán. Bí ènìyàn bá gòkè ní mítà 1,000, ooru kì í dín ju nǹkan bí ìwọ̀n 6 tàbí 7 lọ, òkè wa kò sì tó ìlàjì èyí. Atẹ́gùn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ó ń gbẹ òógùn kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ń làágùn, òǹgbẹ yóò sì ti kọjá ààlà kí ó tó hàn.

Nítorí náà, lítà omi mẹ́ta lórí ẹnì kan ni ìlànà wa, kí ìdajì rẹ̀ sì ṣẹ́ kù nígbà tí a bá dé èjìká. Omi inú ọ̀rá dára nítorí pé ó fúyẹ́ tí a bá mu ún tán, ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ́ nínú àpò, nítorí náà inú ike ni mo ń da tèmi sí. A kì í mu omi adágún tàbí ti odò àfonífojì, bó ti wù kí ó mọ́ lójú tó. Màlúù ń gba ibẹ̀. Bàbá Tíṣà a máa po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi inú ike kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ àwọn ìyá wa láti ṣe fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ó sì ti gba ẹnì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ òyì lójú mi. Ní ti oúnjẹ, kìlíṣí ló borí ohun gbogbo: kò wúwo, oòrùn kò lè bà á jẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń ṣe ara lóore. Dàbínù àti kúlíkúlí tẹ̀ lé e. Ẹnì kan gbé mọ́ínmọ́ín wá nígbà kan. Ó dùn o, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí mọ́ínmọ́ín bẹ́ẹ̀.

Sísọ̀ ló ń dá ènìyàn lóró, àwọn tó ti gun àkàsọ̀ 667 ti Òkè Ìdànrè yóò gbè mí lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àkàsọ̀ Ìdànrè ti bá ẹsẹ̀ pinnu ibi tí yóò tẹ̀. Ní Ushafa, ẹsẹ̀ ni yóò máa ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbéra, orúnkún yóò sì máa gba gbogbo ìwúwo ara lẹ́yìn ìpinnu kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá dà jù, ẹ̀gbẹ́ ni à ń fi sọ̀, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀, ara kò sì gbọdọ̀ fì sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó bá fi ara sẹ́yìn ni bàtà rẹ̀ máa ń yọ̀ lọ kúrò lábẹ́ rẹ̀. A ti gé èékánná ẹsẹ̀ láti ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ìka ńlá yóò dúdú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò dára tẹ́lẹ̀ lè bá wa dé àfonífojì kí ó sì dúró dè wá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn; kò pàdánù púpọ̀.

Aago méjì ọ̀sán ni a gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí òkè, ibi yòówù kí a bá a dé. Kò sí ìgbà kankan nínú ọdún tí oòrùn Abuja ń wọ̀ lẹ́yìn aago méje alẹ́. Nínú oṣù Kẹwàá àti ìkọkànlá tí mo fẹ́ràn yìí, kété lẹ́yìn aago mẹ́fà ni, òkùnkùn kì í sì í fi wa ṣeré lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá dé ẹsẹ̀ òkè ní aago mẹ́rin, àyè ṣì wà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mai unguwa, kí á sì yà wo ìkòkò níbi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń mọ ọ́n. Iṣẹ́ amọ̀ àwọn Gbagyi ni Ladi Kwali gbé dé gbogbo ayé, àwòrán rẹ̀ sì ni ó wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò, kí ó bá wa fi mọ́tò ara rẹ̀ wá, nítorí pé ọkọ̀ èrò tó ń ti Bwari bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé máa ń kún fọ́fọ́, awakọ̀ kì í sì í gbà kí á gbé e lé ẹsẹ̀ láìsanwó àyè ẹnì kan.